Bí Mo Ṣe Wọ Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́ Nítorí Kíbọ́ọ̀dù Àwẹ̀ró

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn Àgọ́-Ìrókò. Ẹni tí ikọ́ ń ṣe, kó wú u tán nísinsìnyí. Ẹni tí àgbàdo sísun wà lẹ́nu rẹ̀, kó gbé e mì. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lọ́sàn-án òní kì í ṣe èyí tí a ń fi etí kan gbọ́ kí a máa fi ọwọ́ lé eṣinṣin. Èmi Ọdẹ́gbàmí ọmọ Ọdẹ́níyì ni mo ń sọ̀rọ̀, èmi tí ẹfọ̀n rí tó yà sínú koríko kí n lè kọjá, èmi tí mo tọpa ìkookò kan fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún títí ìkookò náà fi jókòó sílẹ̀ tó ń bẹ̀ mí pé ó ti rẹ òun. Mo ti wọ igbó tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ nìkan tó láti mú kí àgbàlagbà gbàgbé ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo igbó tí mo wọ̀ láyé mi, èyí tó gba ọkàn mi jù ni èyí tí mo wọ̀ nítorí kíbọ́ọ̀dù.

Mo ti rí ọ, Látúndé, ò ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Rẹ́rìn-ín, kò burú. Ẹni tí kò tíì ṣubú rí ni í fi ẹni tó ń tiro ṣe ẹlẹ́yà. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹ̀rín ṣì ń pa ọ́, wá gba ìbọn mi, kí o sì máa jẹ́ orúkọ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ mọ Àwẹ̀ró ìyàwó mi. Tíṣà ni. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí ní ìwé. Bí ọmọ bá kọ ọ̀rọ̀ tí kò fi àmì sí i, Àwẹ̀ró á gbé ìwé náà sókè, á ní, "Ṣé oko ni mo fẹ́ kà yìí ni, àbí ọkọ, àbí ọkọ́?" Ọmọ á máa wolẹ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó kọ́. Mo ti pé ogójì ọdún nígbà náà. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ mi sí ìdí ìbọn mi, ó ní kí n máa wò ó bí mo bá ń dúró de ẹran. Inú igbó ni mo ti mọ̀wé, ẹ̀yin ènìyàn mi, láàárín ẹtu kan sí òmíràn. Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá pè mí láti ẹnu ọ̀nà ilé, eréko ni mo ti máa ń jẹ́ ẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ń wẹ ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé, ó sì ṣubú. Dókítà ní ẹ̀gbà ni. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ahọ́n sì di. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ. Ojú rẹ̀ mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni kò jáde mọ́. Èmi tí mo máa ń pẹ́ nínú igbó fún oṣù méjì láìrántí ilé, èmi ni mo wá ń jókòó ti obìnrin tí mo ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọ̀run ní ìgbà ọ̀dá.

Ọmọ wa Mórádéyọ̀, tó ń gbé ní Ìbàdàn, ló gbé kọ̀ǹpútà wá. Ó gbé e sórí tábìlì, ó so pátákó onílẹ́tà mọ́ ọn pẹ̀lú okùn dúdú kan, èyí tí wọ́n ń pè ní kíbọ́ọ̀dù. Ó ní, "Màmá, ẹ máa fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà tí ẹ bá tẹ̀ ló máa hàn lójú ẹ̀rọ." Ìka kan péré ni Àwẹ̀ró lè fi tẹ̀ ẹ́. Á wá lẹ́tà, á tẹ̀ ẹ́, á sinmi, á tún wá òmíràn. Láàárín lẹ́tà kan sí èkejì, ènìyàn lè bó ọsàn kan kó sì jẹ ẹ́ tán. Kò sì lè fi àmì sí i, òun tí àmì jẹ́ ayé rẹ̀!

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ tẹ̀ ni "oko". Mo sáré jáde lọ wo oko, mo padà wá, mo ní oko wà ní àlàáfíà. Ó mi orí. Mo gbé ọkọ́ wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó tún mi orí, ó sì na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó fi kàn mí láyà. Ọkọ rẹ̀ ló ń pè. Oṣù márùn-ún ni kò ti pè mí. Mo gbé ojú sí ògiri kí Mórádéyọ̀ má bàa rí ojú mi.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí kíbọ́ọ̀dù fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Á máa ṣiṣẹ́, lójijì á dákẹ́. Àwẹ̀ró á tẹ̀, á tẹ̀, lẹ́tà kankan kò ní jáde. Bí mo bá yọ okùn rẹ̀ tí mo tún kì í bọ ihò rẹ̀, á jí. Kó tó pẹ́, á tún kú. Bí ìyàwó mi bá sì ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń wò, kì í wo ojú ẹ̀rọ, nítorí náà á ti sọ̀rọ̀ lọ jìnnà kó tó gbé orí sókè rí i pé òfìfo lòun ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹlẹ́gùn-ún ní í ṣe lákáǹlàkà tọ alábẹ lọ. Mo gbé ẹ̀rọ náà tọ Ràlíátù lọ, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó kì í bọ iná, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń sáré lórí rẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé kúrò nídìí ẹ̀gẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò kú.

"Bàbá, kò sí ohun tó ṣe é."

"Ràlíátù, ó ń kú nílé."

Ó yí i padà, ó gbọn eruku inú rẹ̀ dànù, ó wo okùn rẹ̀ láti orí dé ìdí, ó ní kí a máa kì í bọ ihò mìíràn. A délé, ó kú. Ó fún wa ní tuntun tí kò tíì jáde nínú páálí rí. Tuntun náà kú. Nígbà tí mo padà lọ ní ìgbà kẹrin, ó jókòó, ó fi ọwọ́ lé ẹ̀kẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Bí èmi bá tẹ̀ ẹ́, kì í kú. Bí Màmá bá tẹ̀ ẹ́, á kú. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe sí i."

Ó wá di ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró jókòó sídìí rẹ̀ láti àárọ̀. Mo ń hó iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń kà á bí ó ṣe ń jáde: "baba moradeyo lati ojo ti a ti fe ara wa ohun kan wa ti n ko so fun yin ri ohun naa ni". Ibẹ̀ ló kú sí. Òun kò mọ̀. Ìka rẹ̀ ń lọ, ó ń wá lẹ́tà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ sì ń tàn bí ojú ẹni tó ń sọ ẹrù kalẹ̀. Èmi náà kò tètè mọ̀. Mo rò pé ó ń ronú ni. Oòrùn ti dé àtàrí kí ó tó gbé orí sókè. Ó wo ojú ẹ̀rọ. Ó wò mí. Ó ti kíbọ́ọ̀dù náà sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ti àwo oúnjẹ tí kò fẹ́ mọ́, ó sì yí ojú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi ọwọ́ kàn án.

Ní ọjọ́ kẹwàá, mo pe àǹtí rẹ̀ kó wá jókòó tì í, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká. Bàbá mi ti sọ fún mi kó tó kú pé igbó kan wà tí gbogbo ohun tó bá dákẹ́ láìparí ń lọ, pé Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é, pé òun dé ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun sì padà. Bàbá mi akíkanjú ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nílé.

Bí mo ṣe wọ ibẹ̀, mo rí ẹyẹ tó la ẹnu, kò sí ohùn. Odò ń ṣàn lórí òkúta, kò sí ariwo. Mo yìnbọn sókè láti fi bẹ igbó náà wò, èéfín jáde, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó yà mí lẹ́nu, mo sì kí ara mi pé, "Ọdẹ́gbàmí, o dé ibi tí bàbá rẹ kò dé," ṣùgbọ́n ìkíni náà kò dé etí èmi fúnra mi.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ pàdé ni iwin kan tí kò ní ojú rárá. Ọwọ́ rẹ̀ gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tẹ́jú bí àtẹ. Fọwọ́tọkùn lorúkọ rẹ̀. Bí ó ṣe gbá mi ní ọwọ́ mú ni ohùn padà sí etí mi.

"Ọdẹ, kí lo wá?"

Mo sọ fún un.

"Okùn ni," ni ó wí. "Ibi tí okùn bá já sí ni ọ̀rọ̀ ń gbà jò dànù. Di ojú rẹ, fi ọwọ́ tọ okùn mi yìí láti igi yìí títí dé òpin rẹ̀, kí o sọ ibi tó ti já fún mi. Bí o bá ṣì í, wàá di kókó lára rẹ̀."

Ẹ gbọ́ o! Okùn náà gba inú ẹ̀gún kọjá, ó gba inú ẹrẹ̀, ó gba ibi tí ìjàlọ ti ń ṣe ìpàdé. Ẹ̀gún ya apá mi, ìjàlọ jẹ mí dé ibi tí mi ò ní sọ níwájú àwọn ìyá tó jókòó síbí. Lára okùn náà ni mo ti ń fi ọwọ́ kan kókó, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, gbogbo wọn gbóná bí ara ènìyàn. Mo mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Mo dé ibì kan tí okùn náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ pé ó fẹ́ já. Fọwọ́tọkùn gbé ẹnu sún mọ́ etí mi, ó ní, "Níbí ni, àbí? Sọ pé níbí ni, kí o máa lọ sílé." Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára mi. Inú mi ń sọ pé kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo tún fi ọwọ́ tẹ ibẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò já. Ohun tí ọwọ́ mi kò bá, ẹnu mi kò ní sọ ọ́." Mo tọ̀ ọ́ títí dé òpin, mo ní, "Okùn yìí pé."

Ó tú ojú mi. Ó ní, "Àwọn tó di kókó wọ̀nyẹn, kì í ṣe pé wọn kò mọ okùn. Wọ́n ń fẹ́ kó já ni, nítorí ó ti rẹ̀ wọ́n."

Ìlú Eruku ló kàn, n kò sì ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí ọba wọn kò yẹ ní ẹni tí akọni ń pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní kó jẹ́wọ́ pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ló wọ inú kíbọ́ọ̀dù ìyàwó mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ dá òun ní ìjàkadì. Mo dá a, ó di eruku. Mo tún gbé e, mo dá a, ó di eruku, ó sì wọ imú mi. Mo sín. Ẹ̀yin ènìyàn mi, sísín tí mo sín yẹn, ọba àti ìjòyè méjìdínlógún ni mo sín kọjá odi ìlú! Olorì rẹ̀ ló kúnlẹ̀ tó búra fún mi pé àwọn ti wọ ibẹ̀ lóòótọ́, pé Ràlíátù sì ti gbọn àwọn jáde, pé láti ọjọ́ náà kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó padà síbẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń fò lọ lójú rẹ̀ kò ní àyè láti parọ́.

Látúndé ń béèrè pé ṣé ẹ̀rù kò bà mí. Ẹ̀rù ibi tí mo ti sọ yìí? Rárá. Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí ló ń bọ̀ yìí.

Mo dé etí odò gbòòrò kan. Ní etí odò náà, àwọn ènìyàn kéékèèké dúró ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, wọn kò ga ju orúnkún mi lọ, orí wọn sì ṣófo, kò sí fìlà, kò sí gèlè, kò sí àmì kankan. Mo wò wọ́n. Ọ̀kan sún mọ́ mi, ó ní, "Bàbá Mórádéyọ̀."

Mo ní, "Ta ni ọ́?"

"Èmi ni omi. Ìyàwó yín tẹ̀ mí ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí ẹ ń nu ìbọn yín. Mi ò dé ọ̀dọ̀ yín. Òùngbẹ gbẹ ẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́."

Òmíràn ní òun ni "ata po ju", pé ìgbà mẹ́fà ni wọ́n ti tẹ òun. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló bọ́, nítorí mo rántí bí ó ṣe ń jẹ ọbẹ̀ mi tí omi ń dà lójú rẹ̀, tí mo sì ń rò pé àìsàn ló ń pa á lẹ́kún. Òmíràn ní òun ni "e duro die". Òmíràn ní òun ni orúkọ mi, orúkọ tí Àwẹ̀ró nìkan máa ń pè mí ní yàrá, èyí tí mi ò ní sọ fún yín. Gbogbo wọn ń bi mí ní ọ̀rọ̀ kan náà: "Ìgbà wo lẹ máa mú wa lọ sílé?"

Lẹ́yìn wọn ni ọ̀kan wà tó ga jù wọ́n lọ, ó fi aṣọ bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Òórùn òrí tí Àwẹ̀ró fi ń pa ọwọ́ ń ti ara rẹ̀ jáde. Mo mọ̀ ọ́n. Ìyókù ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ni.

Mo na ọwọ́ sí i.

"Dúró," ni ohùn kan wí.

Obìnrin arúgbó kan ló ń bọ̀ láti ẹ̀bá odò, ó gbé abẹ́bẹ̀ kékeré kan lọ́wọ́. Gbogbo ibi tó bá kọjá, òkùnkùn díẹ̀ máa ń bá a lọ. Ó ní, "Apàtùpà ni wọ́n ń pè mí. Èmi kì í ṣe ìkà. Yàrá tí kò bá sí ènìyàn nínú rẹ̀, mo máa ń fẹ́ iná ibẹ̀ pa kí epo má bàa ṣòfò. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn."

Mo ní, "Ìyá, ìyàwó mi wà nínú yàrá náà."

"Mi ò gbọ́ ọwọ́ rẹ̀."

"Ó ń wá lẹ́tà ni!"

Ó ní, "Nígbà náà, ìwọ dáhùn èyí fún mi. Ẹni méjì wà nínú yàrá méjì, àwọn méjèèjì dákẹ́. Ọ̀kan ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, èkejì ṣì ń wá ohun tó fẹ́ sọ. Ìwọ tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, báwo lo ṣe máa mọ èyí tó parí?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ó bá bi mí ní ọ̀rọ̀ ìwé, ibẹ̀ ni mi ò bá kú sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọdẹ ló bi mí.

Mo ní, "Ìyá, igbó tó ṣófo máa ń dákẹ́. Igbó tí ẹtu sá pamọ́ sí, tó sé èémí, òun náà máa ń dákẹ́. Ọdẹ tí kò mọṣẹ́ á ní kò sí nǹkan níbẹ̀, á kọjá. Ọdẹ tó mọṣẹ́ kò lè fi etí mọ ìyàtọ̀ wọn. Ó máa ń jókòó ni. Bí ó bá jókòó pẹ́ tó, ewé kan á mì. Ẹni tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá bá a jókòó nínú yàrá ló lè mọ̀, òun nìkan ló sì yẹ kó pa iná."

Apàtùpà sọ abẹ́bẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Gbogbo àwọn tó ti wá ṣáájú rẹ ló sọ àmì kan fún mi tí mo lè fi mọ̀ ọ́n, irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìwọ lo sọ fún mi pé mi ò lè mọ̀. Gbọ́: kì í ṣe okùn, kì í ṣe eruku, kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù. Inú kọ̀ǹpútà yín ni wọ́n kọ àṣẹ kan sí, pé bí ọwọ́ bá dúró fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n ti ojú ihò tí okùn ti ń rí iná, kí iná má bàa ṣòfò. Àmì kékeré kan wà níwájú àṣẹ náà. Ẹni tó bá yọ àmì yẹn ti lé mi kúrò nílé yín. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni ènìyàn ń mú kúrò níbí. Bí o bá mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, wàá gbàgbé ohun tí mo sọ tán yìí. Yan èyí tó wù ọ́."

Mo yíjú sí ẹni gíga náà. Afẹ́fẹ́ odò gbé etí aṣọ rẹ̀ díẹ̀, mo sì rí i pé ẹnu rẹ̀ ti là, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì tí a ti fẹ́ ara wa ló wà lẹ́nu yẹn. Bóyá ẹ̀sùn ni. Bóyá ọpẹ́ ni. Bóyá ọ̀rọ̀ ọmọ wa kan tó kú ni, èyí tí àwa méjèèjì kì í dárúkọ. Ìwọ Látúndé, èwo lò bá mú?

Mo dúró níbẹ̀ títí òjìji mi fi gùn. Mo rò ó pé bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ kan yìí délé, mo ti mọ ohun kan, ìyókù ayé rẹ̀ yóò sì jẹ́ ògiri tó ń wò. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọ̀rọ̀ ìyàwó mi, èmi tí mi ò kúnlẹ̀ fún ẹfọ̀n. Mo ní, "Máa bínú sí mi díẹ̀díẹ̀." Mo dìde, mo yí ẹ̀yìn padà. Gbogbo àwọn kéékèèké náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké pè mí, "Bàbá Mórádéyọ̀! Bàbá Mórádéyọ̀!" Ohùn Àwẹ̀ró ni wọ́n fi ń pè mí, ohùn ìgbà tí ara rẹ̀ le, èyí tó ń dé eréko. Mi ò wẹ̀yìn. Bí ẹnì kan bá ní òun le ju bẹ́ẹ̀ lọ láyé yìí, kó dìde kí n rí i.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe padà. Ẹsẹ̀ ló gbé mi.

Ilé Ràlíátù ni mo kọ́kọ́ yà sí pẹ̀lú ẹ̀gún lára. Ó fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀ lé mi. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń ṣí ojú ewé kan lẹ́yìn èkejì, ó wọ inú inú rẹ̀, títí ó fi kan àṣẹ kan tí àmì kékeré wà níwájú rẹ̀. Ó kà á. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá, ta ló sọ fún yín?"

"Ìyá kan tó ń pa àtùpà ni."

"Ìdí nìyí tí kì í fi kú lọ́wọ́ mi. Èmi kì í dúró bí mo bá ń tẹ̀ ẹ́. Màmá ló máa ń dúró." Ó yíjú sí Àwẹ̀ró, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ̀rọ ni mo ń wò láti ọjọ́ yìí. Mi ò wá wo bí ẹ̀yin ṣe ń tẹ̀ ẹ́ rí."

Ó yọ àmì náà. Láti dán an wò, a fi kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ láìfọwọ́kàn án títí iṣu tó wà lórí iná fi jiná. Mo mú ọwọ́ òsì Àwẹ̀ró, mo gbé e lé e. Ó kọ́kọ́ fà á sẹ́yìn. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré." Ó tẹ lẹ́tà kan. Lẹ́tà náà hàn.

Nígbà tí Ràlíátù lọ, mo jókòó tì í, mo bi í léèrè ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, èyí tí ẹ kò sọ fún mi rí. Kí ni?" Ẹ wo bí mo ṣe ń fi ẹ̀yin pe ìyàwó mi! Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́tà. Mo dúró. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ tán, mo kà á: "mo ti gbagbe".

Bóyá òótọ́ ni. Bóyá ọ̀rọ̀ tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe é sọ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò mọ̀ títí dòní, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé kò dùn mí. Bí mo bá dá wà, mo ṣì máa ń rí aṣọ yẹn tí afẹ́fẹ́ gbé etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tẹ orí ba, ìka rẹ̀ tún ń lọ. Ó pẹ́ gan-an. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ó ti kọ ọ́ síbẹ̀: "e joko e so ibi ti e de fun mi".

Ọdún mọ́kànlélógójì, ẹ̀yin ènìyàn mi, ìta ni mo ti ń sọ ìtàn igbó, fún ẹ̀yin àti àwọn bàbá yín. Mi ò tíì sọ ọ̀kan fún un rí. Mo jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò yọ ìjàlọ sílẹ̀.

Ó tún lo ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin láyé, kíbọ́ọ̀dù náà kò sì kú mọ́. Ó sọ bí a ṣe ń dín ata kù fún mi. Ó bá Mórádéyọ̀ jà lórí ìwé tí kò fi àmì sí, òun tí kò lè fi àmì sí i! Èmi náà sì kọ́ bí a ṣe ń dúró. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ kan, mo sì jókòó tì í. Ó tẹ "o". Ó sinmi. Ó wá lẹ́tà tó kàn, ó tẹ "j". Mo ní kò sí ìkánjú. Atẹ́gùn fẹ́ wọlé, ó gbé aṣọ ẹnu ọ̀nà. Ó tẹ "o" mìíràn, ojú rẹ̀ ń wo ìta, ó ń wò mí, ó ń wo ìta. Mo ní, "Ọjọ́? Ọjọ́ wo?" Ibẹ̀ ni òjò ti bọ́ lu páànù, gbogbo aṣọ tí mo sá sórí okùn sì rin gbingbin. Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ní ohùn! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi ọwọ́ òsì nu ojú, èmi náà jókòó sílẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, a ń wo aṣọ wa bó ṣe ń mu omi.

Ẹ jẹ́ ká dìde, ojú ọjọ́ ti ń yí padà. Ẹ lè máa lọ ká aṣọ yín. Tèmi wà lórí okùn. Bí òjò bá ṣú báyìí, mi kì í tètè ká a. Mo máa ń dúró díẹ̀.